Ẹ Káàbọ̀, Ẹ Mówó Wá

Èmi kì í ṣe olófòófó, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di èyí tí wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, tí wọ́n ń sọ ọ́ nídìí ìkòkò ọbẹ̀ nílé ìnáwó, ṣé èmi nìkan ló wá yẹ kí n pa ẹnu mọ́ ni? Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń ti ìlú òyìnbó kó bọ̀ wálé, tí wọ́n ń wá ilé tí wọn yóò gbà ní Èkó ni. Ohun tí ojú wọn ń rí kò ṣeé fẹnu sọ. Ohun tí àwọn náà ń ṣe kò sì ṣeé gbọ́ sétí. Ìtìjú ti tán nílẹ̀ yìí, ẹ gbà mí gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ojú ti máa ń kọ́kọ́ fọ́. Ẹni tó ń gbé ní England, oṣooṣù ló sábà máa ń san owó ilé. Láti oṣù kẹfà ọdún 2019 ni òfin ti wà níbẹ̀ pé àjẹ́ńtì kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ayálégbé torí pé ó mú un lọ wo ilé tàbí torí pé ó tẹ ìwé fún un. Owó ìdúró tí wọ́n bá gbà, fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé, kò gbọdọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ èyí ló wá bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, tí àjẹ́ńtì sì jókòó tì í tó ń ka owó sí i létí. Ká ní owó ilé jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ́dún. Àjẹ́ńtì á gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 300,000. Lọ́yà tó kọ àgírímẹ́ǹtì á gba iye kan náà. Owó kọ́ṣọ̀n, tí wọ́n ní àwọn yóò dá padà lọ́jọ́ tó bá ń kó lọ (ẹ rọra rẹ́rìn-ín o), òun náà 300,000. Mílíọ̀nù mẹ́ta ti di 3,900,000, a ò sì tíì dé orí owó gáàdì, owó ilẹ̀ gbígbá àti owó dísù jẹnẹrétọ̀.

Kí wá ni lọ́yà ṣe? Mo fi ojú ara mi rí àgírímẹ́ǹtì kan tí wọ́n gba owó gọbọi lé lórí. Orúkọ ayálégbé tuntun wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́. Orúkọ ẹni tó kó jáde ṣì jókòó jẹ́jẹ́ sí ojú ìwé kẹta, wọn ò tilẹ̀ rántí pa á rẹ́. Wọ́n gbé e síwájú ọmọ ọlọ́mọ pé kó fọwọ́ sí i. Ó sì fọwọ́ sí i!

Ẹ ó ní ṣé kò sí òfin nílùú ni? Òfin wà. Ní ọdún 2011, nígbà tí Babátúndé Fáṣọlá ń ṣe gómìnà, ìjọba Èkó ṣe òfin pé onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Ẹni tó gbà á jẹ̀bi, ẹni tó san án náà jẹ̀bi: ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà kúrò nínú rẹ̀. Àwọn onílé tó lówó jù lọ ni òfin kò gbọdọ̀ yọ lẹ́nu! Àwọn tí òfin náà sì dé ọ̀dọ̀ wọn, ní Surulere, ní Ọ̀gbà, ní Magodo, ojúmọmọ ni wọ́n ń béèrè owó ọdún méjì. Pásítọ̀ wà nínú wọn. Alhájì wà nínú wọn. Àwọn lọ́yà gan-an wà nínú wọn.

Ilé kan ṣoṣo sì ń ní iye méjì. Iye kan wà fún èmi àti ẹ̀yin, òmíràn wà fún ẹni tó bá la ẹnu tí ohùn rẹ̀ gba imú jáde. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, tí pọ́n-ùn kan wá ń lọ sí nǹkan bí 2,000 náírà, kò sí àjẹ́ńtì tí kì í ti ara bàtà ẹni ṣe ìṣirò. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹbí fi ń fi ẹni tó dé pamọ́ sínú ilé, tí wọ́n ń rán ẹlòmíràn lọ dúnàá dúrà. Àǹtí kan tí mo mọ̀ dáadáa ní Mushin ti sọ èyí di iṣẹ́. Á wọ ìró àti bùbá tó ti ṣá, á ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì balùwẹ̀, á gbé ojú òṣì wọ̀, á sì sọ fún onílé pé ọmọ òun tó ń ṣe tíṣà ló ń wá ilé. Tíṣà wo? Ọmọ tó wà nínú mọ́tò lẹ́yìn kọ́nà, tí wọ́n tan amúlétutù fún, tó ń mu omi inú ike! Obìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ àdúrà ni Àǹtí yìí o. Mo bi í pé ṣé kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní rárá, ọgbọ́n ni. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ tí ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, tó ní "hello" fún àjẹ́ńtì, ariwo tí ọkùnrin yẹn ké, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ó ní wọ́n lu òun ní jìbìtì. Òun náà!

Ìgbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé tún ni kókó. Dìsẹ́ńbà ni púpọ̀ nínú wọn ń dé, ilẹ̀ gbẹ táútáú, ọyẹ́ ń fẹ́. Àjẹ́ńtì á gbé wọn lọ sí ìhà Lẹ́kkí àti Àjáh, á fi ilé aláràbarà hàn wọ́n. Òdòdó ń bẹ níwájú ilé, ògiri ń dán. Wọn kì í béèrè ìdí tí ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri fi tuntun ju tòkè lọ. Ẹni tó bá mọ̀wò á rí i: ìlà kan wà lára fẹ́ǹsì àwọn aládùúgbò, ó ga tó orúnkún, ó ṣú díẹ̀, ó gùn láti òpin àdúgbò dé òpin. Ibi tí omi òjò gùn dé nìyẹn. Èyí tó wà lára ilé tí wọ́n fẹ́ gbà nìkan ni wọ́n ti fi ọ̀dà bò. Oṣù kẹfà, oṣù keje, ìyálé ilé á jí, á rí bàtà ọmọ tó léfòó ní pálọ̀. Ó bá pe àjẹ́ńtì. Nọ́ńbà náà kò lọ mọ́.

Iná náà ńkọ́? Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí 225 náírà fún yúníìtì kan, pé wọn yóò máa rí iná ó kéré tán fún ogún wákàtí lójúmọ́, gbogbo ilé tí àjẹ́ńtì ń polówó ti di Band A. Ilé tí tiransifọ́mà rẹ̀ ti jóná láti ọdún tó kọjá, Band A ni. N ò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Àwọn onílé kan kò tilẹ̀ fẹ́ ayálégbé mọ́. Wọ́n ti fi àga àti bẹ́ẹ̀dì olówó ńlá sínú fúláàtì, alẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi gba owó lọ́wọ́ àwọn tó wá ṣe fàájì ọdún. Ẹni tó ń kó bọ̀ wálé pátápátá, tó ní ìyàwó, tó ní ọmọ, ń wá ibi orí ń sùn. Ẹni tó wá jó fún ọ̀sẹ̀ méjì ló ń gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó ń lọ nínú àwọn ilé alẹ́-kan-alẹ́-kan wọ̀nyẹn, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́. Gáàdì kan sọ díẹ̀ fún mi, mo ní kó tó.

Ti nọ́ọ̀sì kan ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ káwọ́ lérí. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ alẹ́ ló ṣe ní Manchester títí orúnkún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó ní òun ń bọ̀ wá sinmi nílé. Òun àti ọkọ ti kọ ara wọn sílẹ̀ tipẹ́, àwọn ọmọ sì ti dàgbà lọ́hùn-ún. Ó rí fúláàtì oníyàrá méjì tó wù ú ní Gbàgádà. Owó wà lọ́wọ́, odindi. Onílé wò ó láti orí délẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú o, màdáámù. Ọkọ yín ńkọ́?" Ó ní kò sí. Bàbá ní òun kì í fún obìnrin tí kò lọ́kọ nílé, torí ìwà àìtọ́.

Ẹ dúró ná. Bàbá tó ń sọ̀rọ̀ ìwà àìtọ́ yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ń dá gbé nínú fúláàtì ní Peckham. Kò sẹ́ni tó béèrè ọkọ lọ́wọ́ ìyẹn kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ sì ní ìyá ọmọ kan ní Ìkòròdú tí ìyàwó ilé kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kò ti ẹnu mi jáde.

Nọ́ọ̀sì lọ sí ilé mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà. Ó tún lọ sí òmíràn, wọ́n ní kó mú bàbá rẹ̀ wá bí kò bá lọ́kọ. Obìnrin tó ti bímọ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe dókítà! Ló bá ṣe ohun tí n ò gbọ́ rí. Ó lọ gba ọkọ lówó. Awakọ̀ tó ń gbé e káàkiri láti ìgbà tó ti dé ni, ọkùnrin kan báyìí, ó ga, ó dúdú, ó ní irùngbọ̀n. Wọ́n yá agbádá fún un, wọ́n ra òrùka ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n forí lé Gbàgádà padà, torí ilé yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bàbá onílé ní òun ò rí ọkọ nígbà àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì ní ìbínú ló jẹ́ kí òun sẹ́ ẹ, pé wọ́n jà lọ́jọ́ náà. Bàbá mi orí, ó ní tọkọtaya ń jà lóòótọ́. Ó wá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Ọkọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyàwó ní Abẹ́òkúta. Lẹ́ẹ̀kan náà! Ìyàwó ló kọ́kọ́ mójú kúrò, ó ní ìdána ni ti Ìjẹ̀bú-Òde, ṣọ́ọ̀ṣì ni ti Abẹ́òkúta. Bàbá ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó gbàdúrà lé wọn lórí, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àjèjì wọ àárín wọn. Awakọ̀ ṣe àmín kíkankíkan.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n àdúgbò yẹn ní ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìpàdé ní ìparí oṣù, ọkọ ni wọ́n sì ń ránṣẹ́ pè. Oṣooṣù ni awakọ̀ ń wọ agbádá wá sí ìpàdé, oṣooṣù ló ń gba owó ọkọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi í ṣe igbákejì akọ̀wé! Nígbà tó yá, bó bá dé, á ní ebi ń pa òun. Á jẹun. Á wo bọ́ọ̀lù. Á na ẹsẹ̀ sórí àga. Ọjọ́ Sunday kan báyìí, àwọn ará ilé ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ni obìnrin kan dé ẹnu géètì pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, àbígbẹ̀yìn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun ń wá ọkọ òun. Ó ní àwọn kan sọ fún òun pé ó ti fẹ́ ará London.

Àdúgbò dàrú. Nọ́ọ̀sì ń pariwo pé òun kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ìyàwó ilé awakọ̀ ní kó bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀ hàn. Awakọ̀ wà lórí àga, kò dìde. Bàbá onílé, olùkọ́ ìwà mímọ́ wa, sọ̀ kalẹ̀ wá, ó ní wọ́n ti fi panṣágà ba ilé òun jẹ́, kí obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó di alẹ́, tí àwọn àgbà bá a sọ̀rọ̀, ẹ mọ ohun tó ní? Ó ní bí màdáámù bá lè san owó ọdún méjì kún un báyìí báyìí, òun á gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ẹ gbọ́ o! Panṣágà ní iye. Nọ́ọ̀sì san án. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, kò sí ọkọ, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ọkọ mọ́. Wọn ò sì tíì yan igbákejì akọ̀wé mìíràn.

Kì í ṣe òní ni a ti ń gba ará òkè òkun lálejò ní Èkó. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ ní ayé àwọn baba ńlá wa, Pópó Àgùdà ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí gbogbo ìlú ń lọ wò. Ẹ wo ìkan tó lórúkọ jù nínú wọn, Ìlọ́jọ̀ Bar ní Tinúbú. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n gbé katapílà lọ wó o palẹ̀ láàárín ìgboro. Ilé tí ará òkè òkun bá kọ́ sí Èkó, bóyá ẹ̀ṣọ́ ló yẹ kó máa ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru.

Èyí ló gbé mi dé orí ẹ̀gbọ́n kan báyìí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn. London ni ó wà láti ọdún 2006. Kó tó lọ, ó ti ra ilẹ̀ ní ìhà Ìpájà, ó ti ṣe fáńdéṣọ̀n, ó wá fi iṣẹ́ lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ìyá kan náà, ọyàn kan náà! Owó búlọ́ọ̀kù ń lọ, owó páànù ń lọ, owó táìsì ń lọ. Ó tilẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya bí géètì yóò ṣe rí, pé kí àwọn alágbẹ̀dẹ fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ bàbá wọn sí àárín. Ní 2012, àbúrò pè, ó ń sunkún lórí fóònù. Ó ní ọmọ onílẹ̀ ti gba ilẹ̀, ó ní ìjọba ti fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ ní onílé níbẹ̀, àtìmọ́lé ni. Ẹ̀gbọ́n sunkún títí, ó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ibi tí mo ti ń bá ẹ̀gbọ́n náà wí nìyí o. Fóònù tó ń ya fídíò ti kún ìgboro, ọmọ ilé ìwé ní in lọ́wọ́. Kò rán ẹnikẹ́ni lọ wò ó? Ṣé ẹ mọ ìdí? Ó ti ń sọ fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní London pé òun nílé ní Èkó, wọ́n ti ń pè é ní lándílọ́ọ̀dù níbi ìnáwó. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ mú ìròyìn ìtìjú bọ̀. Ìgbéraga! Ó fi ìgbéraga pa ojú ara rẹ̀ mọ́.

Ó wá kó bọ̀ wálé lọ́dún tó kọjá. Àbúrò lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gbé e lọ sí ilé tirẹ̀ ní Mowé, ilé mèremère. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa sinmi níbí, ká máa bá yín wá ilé gbà." Ẹ̀bà tí ẹ̀gbọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, ẹ fi sọ́kàn o, ẹ ó mọ owó tí wọ́n fi ń ra gààrí láìpẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wo Magodo, apá kò ká a. Ó wo Ọ̀mọ̀lé, ó mí kanlẹ̀. Ló bá rí àjẹ́ńtì kan fúnra rẹ̀, àbúrò kò mọ̀ sí i. Àjẹ́ńtì gba 10,000 náírà owó ilé wíwò, ó ní òun ní fúláàtì kan tó ń jáde ní ìhà Ìpájà, ilé tó mọ́, géètì tó lágbára. Wọ́n wọ inú àdúgbò náà lọ. Ẹ̀gbọ́n ní ọ̀nà náà jọ ohun tí òun mọ̀, àmọ́ ibi tó jẹ́ igbó nígbà tí òun ń lọ ti di ṣọ́ọ̀bù àti ilé epo. Wọ́n yà ní mọ́sáláṣí. Wọ́n dúró. Ó gbé ojú sókè, ó rí lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ tí wọ́n fi irin rọ sí àárín géètì, gẹ́gẹ́ bó ṣe yà á gẹ́lẹ́. Wọ́n ti fi ọ̀dà wúrà kùn ún.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Fúláàtì mẹ́rin! Aṣọ sísá wà lókè, ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá kan tó ń fọ aṣọ nítòsí ẹ̀rọ omi rò pé ilé ló ń yẹ̀ wò, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ojú yín jọ ojú èèyàn dáadáa. Ẹ má gba ibí yìí o. Onílé ibí burú. London ló wà, kò wá rí, odọọdún ló ń fowó kún un. A ní kó tún sọkawéè ṣe, ó ránṣẹ́ pé tí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn ká kó jáde. Ọmọ mi wà nínú àìsàn nígbà yẹn, kò ṣàánú wa. Ọlọ́run á mú un níbi tó bá wà."

Kí ni wọ́n ń dáhùn sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀? Àjẹ́ńtì ti sọ àmín.

Gbogbo ìkà tí àbúrò ń hù, orúkọ ẹ̀gbọ́n ló fi ń hù ú. Láti ọdún gbọọrọ ni wọ́n ti ń ṣépè fún un nínú ilé tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ báyìí pé abájọ tí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní London, abájọ tí ìyàwó àkọ́kọ́ fi lọ. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ó bi àjẹ́ńtì pé ta ló ń gba owó fún onílé tó wà ní London. Àjẹ́ńtì ní àbúrò onílé ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, díákónì ni. Ó kọ nọ́ńbà àkáǹtì sórí bébà fún un. Ẹ̀gbọ́n ka orúkọ tó wà níbẹ̀, ó ká bébà náà sí méjì, ó fi sápò. Nígbà tó dé Mowé lálẹ́, ìyàwó àbúrò gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n wa, ṣé ẹ rí ilé lónìí?" Ó ní, "Mo rí i. Ó wù mí gan-an." Ó sì jẹun tán. Irú ọkàn wo nìyẹn? Èmi ni, ǹ bá ti da àwo ọbẹ̀ nù.

Ìpàdé ẹbí tí wọ́n pè lẹ́yìn náà ló bà mí nínú jẹ́ jù. Àbúrò kò sẹ́. Ó ní ta ló bá ọmọ onílẹ̀ jà? Ta ló sùn sẹ́nu fáńdéṣọ̀n kí wọ́n má baà jí irin? Ó gbé ìwé kan jáde, ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé, ó ní àkọsílẹ̀ owó nìyẹn. Ìnáwó nìkan ló kún inú rẹ̀: owó ọlọ́pàá, owó ọmọ onílẹ̀, owó ọbẹ̀ àwọn bíríkìlà, owó epo mọ́tò láti wá wo iṣẹ́. Owó tó wọlé, kò sí ojú ìwé kankan fún un. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n mi orí. Kí ni wọ́n wá sọ? Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n dárí jì í! Wọ́n ní ìyá wọn ti dàgbà, kó má baà fi ìbànújẹ́ kú. Wọ́n ní kí wọ́n dì mọ́ra. Wọ́n dì mọ́ra, ẹnì kan sì dá orin sílẹ̀. Olè jíjà lójúkojú, wọ́n fi orin dì í. Ká ní ọmọ ọ̀dọ̀ ló mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún nínú ilé yẹn, àgọ́ ọlọ́pàá ni ì bá sùn sí.

Ẹ̀gbọ́n ní ó dáa, kí òun ṣáà wọ ilé òun. Kò ṣeé ṣe! Ayálégbé ọlọ́dọọdún ni wọ́n, òfin Èkó sì ní oṣù mẹ́fà ni kí wọ́n fi kìlọ̀ fún irú wọn kí wọ́n tó ní kí wọ́n jáde. Àwọn tó wà lókè tilẹ̀ ti san ọdún méjì sílẹ̀, àbúrò ti gbà á, ó ti ná an. Fúláàtì tí wọ́n ní ó ń jáde náà ńkọ́? Àjẹ́ńtì ti gba owó lé e lọ́wọ́ ẹnì kan ní ọjọ́ kejì tí ẹ̀gbọ́n wá wò ó. Onílé fúláàtì mẹ́rin ló wá lọ gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá. Àjẹ́ńtì yẹn náà ló bá a gbà á. Ó gba ìdá mẹ́wàá tirẹ̀ pé, kò yọ kọ́bọ̀. Ó ní ti ẹbí lọ́tọ̀, ti bísínẹ́ẹ̀sì lọ́tọ̀.

Ní Satide tó kọjá, àbúrò gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ. Wọ́n ta aṣọ ẹbí fún ẹ̀gbọ́n ní iye tí wọ́n ń tà á fún gbogbo ayé. Ó rà á, òun àti ìyàwó. Alága ìdúró ní kí ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó tó ti London dé dìde kí ayé rí i, ó kì í ní onílé gogoro ní Ìpájà, wọ́n fi ìlù sí i, ó sì jó, ẹ̀yin èèyàn mi, ó jó dé ilẹ̀! Àbúrò ń ná owó lé e lórí. Mo dìde lọ sí ìdí tábìlì wọn kí n lè rí irú owó tó ń ná. Ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún kan ni, tuntun yọ́yọ́. Owó ilé àwọn ará ìsàlẹ̀ ni mo sọ nínú ara mi. Ti ọdún tó ń bọ̀ máa pé ní ìparí oṣù yìí, kò sì tíì sẹ́ni tó mọ ẹni tí wọn yóò san án fún nínú àwọn méjèèjì. Mo ti bẹ ìyá tó ń fọ aṣọ yẹn pé kó pè mí. Bí mo bá gbọ́, ẹ ó gbọ́.